Conny Plank

Konrad Plank, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Conny Plank (a bí i ní ọjọ́ 3 oṣù Èbìbí ọdún 1940, ó kú ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1987), jẹ́ agbohùnsílẹ̀, olùgbéjáde orin àti olórin ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Òun ni ó wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Kraftwerk gba àwo-orin wọn tí ń jẹ́ Autobahn sílẹ̀ ní ọdún 1974. Àwo-orin yìí ni ẹgbẹ́ náà fi kúrò nídìí orin fèrè àti dùùrù tí a fi mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì fi bọ́ sínú orin ẹlẹ́kitirọ́níìkì, ìyẹn orin tí a fi ẹ̀rọ oníná mànàmáná dá. Òun náà sì ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí Plank bá wọn ṣe.

Yàtọ̀ sí Kraftwerk, Plank bá àwọn ẹgbẹ́ bíi Cluster, NEU!, Harmonia, Ultravox, DAF àti Eurythmics ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ohùn orin wọn yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ra àwo-orin wọ̀nyí ní láti yí wọn sẹ́yìn, kí ó sì wo àwọn lẹ́tà kéékèèké, kí ó tó lè rí orúkọ Plank.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

A bí Plank ní Hütschenhausen, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Kaiserslautern ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Ogun Àgbáyé Kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí i, ọmọ ọdún márùn-ún sì ni nígbà tí ogun náà parí. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pàgọ́ sí agbègbè Kaiserslautern lọ́pọ̀ yanturu, rédíò wọn sì mú orin jazz, blues àti rock and roll wọ inú ilé àwọn ará àdúgbò. Ìran tí Plank wà nínú rẹ̀ dàgbà láàárín ohùn méjì. Ọ̀kan ni orin àwọn àjèjì tí ó gba orí afẹ́fẹ́. Èkejì ni orin ìbílẹ̀ Jámánì tí ìjọba Hitler ti fi ṣe ìpolongo, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ fi etí sí mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn olórin Jámánì tí ó yọjú ní ìparí àwọn ọdún 1960 fi ń wá ohùn kan tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, tí kì í sì í ṣe ti àwọn bàbá wọn.

Ní àwọn ọdún 1960 ni Plank kọ́ṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀, tí ó sì rí iṣẹ́ sí Rhenus, ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Godorf, ní ẹ̀bá ìlú Cologne. Cologne kì í ṣe ìlú lásán fún ẹni tí ó fẹ́ràn ohùn. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ rédíò WDR ti dá yàrá ìṣẹ̀dá orin ẹlẹ́kitirọ́níìkì sílẹ̀ ní ọdún 1951, níbi tí Karlheinz Stockhausen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gé téèpù sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tí kì í ṣe ohun èlò orin rárá dá ohùn tí etí kò gbọ́ rí. Iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni èyí, kò sì sí ẹni tí ń jó sí i. Ohun tí Plank ṣe ní ìgbésí ayé rẹ̀ ni pé ó gbé ọgbọ́n inú yàrá yẹn jáde, ó sì gbé e fún àwọn ọ̀dọ́ onígìtá.

Ní àkókò yẹn, ohun tí a ń retí lọ́wọ́ agbohùnsílẹ̀ ni pé kí ohùn mọ́, kí ó sì jọ bí ó ṣe dún nínú yàrá gan-an. Bí olórin bá ti kọrin tán, iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ parí. Plank kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, tábìlì tí a fi ń da ohùn pọ̀ jẹ́ ohun èlò orin bíi gìtá tàbí dùùrù, ẹni tí ó sì jókòó sídìí rẹ̀ ń kópa nínú orin náà. Ó lè gbé makirofóònù jìnnà sí ìlù kí yàrá fúnra rẹ̀ lè dún. Ó lè yí téèpù sẹ́yìn. Ó lè fi ìró kan ṣe àsọtúnsọ títí tí yóò fi di ìlù mìíràn. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni King Tubby àti Lee Perry ń ṣe irú nǹkan báyìí ní Jàmáíkà pẹ̀lú orin dub.

Ní ọdún 1970, Duke Ellington, àgbà olórin jazz ọmọ Amẹ́ríkà, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Rhenus, Plank sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Téèpù náà wà ní ìpamọ́ títí di ọdún 2015 kí ó tó jáde gẹ́gẹ́ bí àwo-orin.

Àwo-orin mẹ́ta àkọ́kọ́ ti Kraftwerk

Ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Plank fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí ni Klopfzeichen, ti ẹgbẹ́ Kluster, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní òpin ọdún 1969. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà kò rí ilé-iṣẹ́ àwo-orin kankan tí yóò gbà wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n níkẹyìn jẹ́ èyí tí ń gbé orin ìjọ jáde, wọ́n sì ní láti gbà kí a ka ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lé orí apá kan àwo náà. Bí ariwo irin, dùùrù àti ẹ̀rọ ṣe di ohun tí ìwàásù ń gorí rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Kluster pín, tí méjì nínú wọn, Dieter Moebius àti Hans-Joachim Roedelius, tẹ̀ síwájú lábẹ́ orúkọ Cluster, wọ́n ka Plank mọ́ ara wọn lórí àwo-orin wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1971.

Ní Düsseldorf, tí kò jìnnà sí Cologne, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin méjì kan wà, Ralf Hütter àti Florian Schneider. Hütter ń tẹ dùùrù, Schneider sì ń fọn fèrè. Plank gbé àwo-orin Tone Float jáde fún wọn ní ọdún 1970, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ṣì ń jẹ́ Organisation. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ti tà á, kò sì tà. Láàárín ọdún yẹn kan náà, wọ́n yí orúkọ padà sí Kraftwerk, ìyẹn ilé-iṣẹ́ amúnáwá.

Ẹni tí ó bá mọ Kraftwerk kìkì nípa àwọn orin wọn tí ó lókìkí lè má gbà pé àwọn kan náà ni wọ́n kọ àwo-orin wọn àkọ́kọ́. Nínú rẹ̀, fèrè Schneider ni ó gbòde. Ìlù gidi ń dún, dùùrù ń ké, ohùn ń fò sókè ó sì ń wálẹ̀ láìsí ẹni tí ń kọrin. Orúkọ Plank hàn lórí àwo náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó gbé e jáde, pẹ̀lú Hütter àti Schneider. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lórí èkejì, tí ó jáde ní ọdún 1972. Nígbà tí wọn yóò fi ṣe èyí, kò sí onílù mọ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀rọ kékeré tí a máa ń fi sára dùùrù láti máa dún bí ìlù ni wọ́n lò. Ó lè dà bí ọgbọ́n àìrówó, ṣùgbọ́n irúgbìn ohun tí ń bọ̀ nìyẹn. Àwo-orin kẹta, Ralf und Florian, jáde ní ọdún 1973. Ẹ̀rọ ti ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n fèrè kò tíì lọ.

Onílù tí ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Klaus Dinger, àti onígìtá Michael Rother tí ó bá wọn ṣeré fún ìgbà díẹ̀, lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní NEU!, èyí tí ó túmọ̀ sí tuntun. Plank bá wọn lọ sí Hamburg ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1971, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi gba àwo-orin wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀. Dinger jẹ́ oníná ènìyàn, Rother jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Láàárín àwọn méjèèjì, Plank ni alárinà. Rother ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé láìsí Plank, NEU! kì bá tí rí bí ó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe èkejì ní ọdún 1973, owó tán lọ́wọ́ wọn ní ìdajì iṣẹ́. Wọ́n wá mú orin méjì tí wọ́n ti gbé jáde tẹ́lẹ̀, wọ́n yí wọn kíákíá, wọ́n tún yí wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n kún apá kejì àwo náà. Àwọn kan nínú àwọn tí ó rà á rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ ni.

Autobahn

Ní ọdún 1974, nǹkan mẹ́ta pàdé. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ synthesizer tí ènìyàn kan lè gbé, pàápàá jùlọ Minimoog, ti dé ọjà, Kraftwerk sì ra ọ̀kan. Ó wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí lè dá ohùn tí ó nípọn, tí ó sì lè yí bí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ bá ṣe fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, Wolfgang Flür ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà, tí ó ń fi ọ̀pá irin lu àwọn àwo pẹlẹbẹ kéékèèké tí iná wà nínú wọn dípò ìlù awọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Plank ti fi Rhenus sílẹ̀, ó sì ti ń kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí ilé oko kan ní Wolperath, abúlé kan ní ìlà-oòrùn Cologne. Ó tún ní àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣeé gbé kiri. Nítorí náà, apá kan iṣẹ́ náà wáyé ní Kling Klang, yàrá Kraftwerk ní Düsseldorf, apá kejì sì wáyé ní ọ̀dọ̀ Plank.

Autobahn túmọ̀ sí òpópónà márosẹ̀. Orin tí a fi orúkọ náà pè gba gbogbo apá kìn-ín-ní àwo náà, ó sì gùn ju ìṣẹ́jú 22 lọ. Ìrìn-àjò inú ọkọ̀ ni ó ń sọ. A gbọ́ bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe pa dé, a gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbiná, a gbọ́ fèrè ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn ìsàlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò sì dúró mọ́. Níbi kan nínú orin náà, ìró àwọn ọkọ̀ mìíràn ń kọjá: wọ́n ń bọ̀ láti gbohùngbohùn apá òsì, wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń lọ sí apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí létí ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Synthesizer ni, pẹ̀lú ọwọ́ tí ń darí rẹ̀ lórí tábìlì ìda-ohùn-pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí Plank máa ń ṣe kí ó fi etí sí ibẹ̀ yẹn.

Èyí tún ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Kraftwerk kọ orin tí ó ní ọ̀rọ̀ gidi. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Jámánì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin kí ayé lè gbọ́ wọn. Ẹnìkejì wọn Emil Schult bá wọn kọ ọ̀rọ̀ náà, òun kan náà ni ó ya àwòrán ẹ̀yìn àwo. Ohùn náà tutù, kò bú sẹ́kún, kò sì pariwo ìfẹ́. Apá kejì àwo náà sì fi hàn pé ìyípadà kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan: fèrè Schneider padà wá nínú orin tí ó gbẹ̀yìn, èyí tí ó ń sọ nípa ìrìn ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀. Láti ìgbà yẹn, a kò gbọ́ fèrè náà mọ́ nínú àwo-orin Kraftwerk.

Ilé-iṣẹ́ Philips gbé Autobahn jáde ní oṣù Bélú ọdún 1974. Fún ọjà Amẹ́ríkà, wọ́n gé orin gígùn náà kù sí bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò lè gbé e. Ní ọdún 1975, orin kékeré náà dé ipò 25 lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà àti ipò 11 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwo-orin lódindi dé ipò 5 ní Amẹ́ríkà àti ipò 4 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò wọ́pọ̀ rárá nígbà náà kí orin tí a fi èdè Jámánì kọ dé irú ibẹ̀ yẹn. Kraftwerk rìnrìn àjò káàkiri Amẹ́ríkà, àwọn tí ó wá wò wọ́n sì bá ọkùnrin mẹ́rin pàdé tí wọ́n dúró jẹ́jẹ́ nídìí ẹ̀rọ bí òṣìṣẹ́ báńkì.

Plank kò sí nínú ìrìn-àjò náà. Lórí àwo-orin méjì àkọ́kọ́, olùgbéjáde ni wọ́n pè é. Lórí Autobahn, agbohùnsílẹ̀ lásán ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Hütter àti Schneider nìkan ni a dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ náà jáde. Nígbà tí Radio-Activity jáde ní ọdún 1975, Kraftwerk ti ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra wọn nínú Kling Klang, wọn kò sì pe Plank mọ́ títí tí ó fi kú.

Àríyànjiyàn lórí bí ipa tí Plank kó nínú ohùn tuntun náà ti tó kò tíì parí. Àwọn kan ní Hütter àti Schneider ni wọ́n kọ orin, àwọn ni wọ́n ra ẹ̀rọ, àwọn ni wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí Plank ti lọ, bíi Trans-Europe Express ti ọdún 1977, fi hàn pé wọ́n lè dá rìn. Àwọn mìíràn ní kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ohùn ya àwòrán bí kò ṣe ọkùnrin tí ó ti wà nídìí tábìlì láti ìgbà Organisation. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Nínú dùndún, a máa ń dárúkọ ẹni tí ó ń lu ìyáàlù. A kì í sábà dárúkọ ẹni tí ó gbẹ́ igi rẹ̀, tí ó sì fi awọ bò ó. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn Autobahn, ẹni tí ó gbẹ́ igi náà wà ní ojú agbo nígbà tí ìlù ń dún, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi rọrùn láti yanjú.

Ilé oko Wolperath

Ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí Plank dá sílẹ̀ ní Wolperath, tí a ń pè ní Conny's Studio, di ibi tí àwọn olórin ń gbà lọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Plank, ìyàwó rẹ̀ Christa Fast tí ó jẹ́ òṣèré, àti ọmọ wọn Stephan ń gbé nínú ilé kan náà. Ẹni tí ó bá wá gba orin sílẹ̀ ń sùn síbẹ̀, ó sì ń jẹun nídìí tábìlì kan pẹ̀lú ẹbí náà. Christa ni ó ń gbọ́únjẹ. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń rántí oúnjẹ yẹn bí wọ́n ṣe ń rántí ẹ̀rọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà láàárín ara wọn sábà máa ń jókòó pọ̀ nídìí àwo ọbẹ̀ kí wọ́n tó tún lè jókòó pọ̀ nídìí orin.

Tábìlì ìda-ohùn-pọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí a rà lọ́jà. Plank mú kí a ṣe é fún un ní ọ̀nà tí ó bá bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́ mu. Ó gbà pé kò yẹ kí ẹ̀rọ máa pàṣẹ fún olórin. Bí ẹgbẹ́ kan bá wọlé pẹ̀lú ohùn tí ayé ti mọ̀ wọ́n mọ́, kì í kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ó máa ń tẹ́tí, ó sì máa ń wá ibi tí wọ́n ti ṣèèṣì, torí pé inú àṣìṣe ni ohùn tuntun máa ń fara pamọ́ sí.

NEU! padà wá síbẹ̀ láti gba àwo-orin wọn kẹta sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1974 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Brian Eno, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá bá Cluster ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì gba apá kan àwo-orin rẹ̀ Music for Airports sílẹ̀ níbẹ̀. Eno kan náà ni ó mú ẹgbẹ́ Devo wá láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1978 láti wá gba àwo-orin wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Àwọn tí ó wá yí ohùn padà

Lẹ́yìn àṣeyọrí Autobahn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orin onígìtá ti sú gbà pé Wolperath ni wọ́n ti lè rí ọ̀nà mìíràn. Ultravox ni àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jùlọ. Ní ọdún 1978, ẹgbẹ́ náà, tí John Foxx jẹ́ olórí akọrin rẹ̀, ti ṣe àwo-orin méjì tí gìtá líle gbòde nínú wọn. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ Plank láti ṣe ẹ̀kẹta, Systems of Romance, níbi tí synthesizer ti gba iwájú. Àwo-orin náà kò tà. Ilé-iṣẹ́ tí ń gbé orin wọn jáde lé wọn kúrò, Foxx sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dá ọ̀rọ̀ náà rò nígbà yẹn yóò sọ pé ìyípadà ohùn ni ó pa wọ́n.

Àwọn tí ó kù kò padà sẹ́yìn. Wọ́n mú Midge Ure wọlé, wọ́n sì tún pe Plank láti bá wọn ṣe Vienna, tí ó jáde ní ọdún 1980. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ròyìn pé nígbà tí wọ́n ń gba orin tí a fi orúkọ náà pè sílẹ̀, Plank kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ rárá. Ó ní òun rí ọkùnrin arúgbó kan lọ́kàn òun, nínú gbọ̀ngàn ijó ńlá tí ó ti ṣófo, tí ó ń tẹ dùùrù tí ó ti gbó, tí ó sì ti ń tẹ orin kan náà láti nǹkan bí ogójì ọdún. Bí dùùrù inú orin náà ṣe dún nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé orin náà jáde fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1981, ó dé ipò kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ náà padà sí Wolperath fún èyí tí ó tẹ̀ lé e, Rage in Eden.

Ti DAF yàtọ̀. Ẹgbẹ́ punk ni wọ́n ní Düsseldorf, wọ́n sì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi ṣe Alles ist gut ní ọdún 1981, ènìyàn méjì péré ni ó kù: Robert Görl tí ń lu ìlù, tí ó sì ń darí ẹ̀rọ tí ń yí ohùn kan náà léraléra, àti Gabi Delgado tí ń kọrin. Gìtá ti lọ pátápátá. Plank kò fi ohunkóhun kún àlàfo tí gìtá fi sílẹ̀; ó jẹ́ kí ìlù àti ẹ̀rọ dúró níhòòhò. Orin wọn kan tí ó dárúkọ Mussolini dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Jámánì, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ jó sí i. Ìró tí àwọn mẹ́ta yìí dá sílẹ̀ wà nínú orin ijó ẹlẹ́kitirọ́níìkì tí ó tẹ̀ lé e ní Yúróòpù.

Annie Lennox àti Dave Stewart wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ wọn àtijọ́ tú ká. Plank bá wọn ṣe In the Garden ní ọdún 1981, àwo-orin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde gẹ́gẹ́ bí Eurythmics. Jaki Liebezeit àti Holger Czukay ti ẹgbẹ́ Can bá wọn ṣeré nínú rẹ̀. Kò tà púpọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀, pé ẹni méjì lè fi ẹ̀rọ díẹ̀ ṣe orin láìdúró de ẹnikẹ́ni, ni wọ́n mú padà sí London, tí wọ́n sì fi ṣe Sweet Dreams ní ọdún 1983 pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré. Èyí ni ó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Plank kò sí nínú rẹ̀. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ní àwọn ọdún kan náà, ó bá Gianna Nannini ti Ítálì ṣiṣẹ́, ó gbé àwo-orin àkọ́kọ́ Les Rita Mitsouko ti ilẹ̀ Faransé jáde, ó sì ṣe díẹ̀ nínú orin àwo-orin àkọ́kọ́ ti Whodini, ẹgbẹ́ rap láti Brooklyn ní New York. Pẹ̀lú Moebius, òun fúnra rẹ̀ tún di olórin: wọ́n ṣe Rastakraut Pasta ní ọdún 1980, Material ní ọdún 1981, àti Zero Set ní ọdún 1983 pẹ̀lú onílù Mani Neumeier. Ẹni tí ó bá gbọ́ Zero Set lónìí lè rò pé àwọn ọ̀dọ́ onítẹ́kínò ọdún 1990 ni ó ṣe é.

Àìsàn àti ikú rẹ̀

Ní àárín àwọn ọdún 1980, Plank àti Moebius rìnrìn àjò lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà láti lọ ṣeré. Àìsàn kọlu Plank lẹ́nu ìrìn-àjò náà. Àrùn jẹjẹrẹ ni. Ó kú ní Cologne ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1987, ní ẹni ọdún 47.

Christa Fast kò ti ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà pa. Ó ń darí rẹ̀ títí òun náà fi kú ní ọdún 2006. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ilé oko náà dákẹ́, tí wọ́n sì ta àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ọmọ wọn, Stephan Plank, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọdé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, lọ kàn sí àwọn olórin tí wọ́n ti jẹun nídìí tábìlì ìyá rẹ̀, kí ó lè mọ irú ènìyàn tí bàbá òun jẹ́. Òun àti Reto Caduff sọ ìwádìí yìí di fíìmù kan tí ó jáde ní ọdún 2017. Tábìlì ìda-ohùn-pọ̀ tí Plank mú kí a ṣe fún un lọ sí London, níbi tí àwọn agbohùnsílẹ̀ mìíràn ti ń lò ó.